Ibi Tí Àǹtí Dúró Sí

Bí ẹ bá wọ yàrá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ má tíì wo àwọn ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àǹtí wọn dúró sí. Àǹtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Kì í dúró láàárín yàrá, kì í sì í jókòó sídìí tábìlì. Igun ló máa ń wà, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri, níbi tí ojú rẹ̀ ti lè ká ẹnu ọ̀nà, fèrèsé, ibi tí wọ́n to ohun ìṣeré sí àti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ pọ̀. Bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó so okùn bàtà fún ọmọ kan, yóò kọ́kọ́ yí ara rẹ̀ padà kí ọmọ náà lè bọ́ sáàárín òun àti àwọn yòókù, kí ojú òun máa gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá wọn. Bí ó ń pààrọ̀ pámpáàsì, bí ó ń nu imú, bí ó ń bu omi sí ife, bákan náà ni. Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti jókòó kó tó yé mi pé láti àárọ̀, n kò tíì rí i kó kẹ́yìn sí àwọn ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ 12 ló wà lọ́wọ́ òun àti ọmọbìnrin kan tó ń ràn án lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́; èyí tó dàgbà jù kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀, ṣebí gbogbo obìnrin ló ń tọ́mọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá tó ń tọ́mọ nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ 12 tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí kò sí ẹ̀gbọ́n láàárín wọn tó lè fa àbúrò sẹ́yìn, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ti kọ́ tirẹ̀ ní ìwà tirẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, ó sì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Tí wọ́n bá ṣe é pé, gbogbo ọmọ á padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ láìfarapa, kò sì ní sí òbí kan tí yóò béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti ń lọ kí ọmọ kankan tó dé. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, àǹtí ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi orúnkún rìn yí yàrá ká. Ẹni tó dúró ń rí orí tábìlì. Ẹni tó kúnlẹ̀ ń rí abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọmọ ọdún kan ń gbé. Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ó rí ìdérí báírò kan, ó rí bébà súwìtì, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó já bọ́ lára irun ọmọ kan lánàá. Ó kó gbogbo wọn sápò. Èyí tó ń bà á lẹ́rù jù ni bátìrì pẹlẹbẹ, irú tó ń wà nínú ohun ìṣeré tó ń kọrin àti nínú rìmóòtù kékeré. Bí ọmọ bá gbé e mì, tó sì há sí i lọ́nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí méjì péré. Ohun ìṣeré tí ẹnu ibi bátìrì rẹ̀ bá ṣí pẹ̀lú ọwọ́ lásán kì í wọ yàrá yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó fi páálí inú tíṣù kan pamọ́ tó fi ń wọn nǹkan: ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí náà kọjá, kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àjọ tó ń mójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún irú èyí, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3.17. Páálí àǹtí fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ìyẹn ni pé òfin tirẹ̀ tilẹ̀ le ju tiwọn lọ.

Láti inú yàrá, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fọwọ́ kan ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi, ó mì í wò. Ó da omi tó kù nínú garawa ìfọlẹ̀ nù, ó sì da garawa náà dojú bolẹ̀. Izal àti Jik tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn àǹtí. Kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ wà nínú ìgò míńírà nínú ọgbà náà láéláé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́; ọmọ ọdún méjì tó rí ìgò míńírà, míńírà ló rí. Bí ọmọ bá sì ṣèèṣì mu ún, àǹtí mọ ohun tí a kì í ṣe. A kì í rọ ọmọ lépo pupa kó lè bì í, nítorí kẹrosíìnì tó bá ń padà bọ̀ lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ṣe ìpalára tó burú jù. Ilé ìwòsàn ló kàn, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, gbogbo wọn ló ń kánjú. Àǹtí kì í bá wọn kánjú. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Ìbejì. Ṣé dáadáa la jí?" Bí ó ti ń kí wọn ni ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́rùn ọmọ, ó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó bọ́ súwẹ́tà ọmọ níwájú ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti lọ sí apá, sí ẹ̀yìn, sí ẹsẹ̀. Bí ó bá rí ojú egbò, á béèrè jẹ́jẹ́, á sì kọ ọ́ sínú ìwé kí ìyá náà tó kúrò níbẹ̀. Nínú ohun tó kọ yẹn ni ààbò ọmọ wà, ààbò ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Oògùn tí kò bá ní orúkọ ọmọ, ìwọ̀n àti àkókò lára, kì í gbà á. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní 2008 kò ní gbàgbé oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí májèlé wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é, tó sì pa ọmọ tí kò dín ní 84 ní Nàìjíríà. Kò sí àǹtí tó lè fojú rí irú májèlé bẹ́ẹ̀ nínú ìgò. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mu, àti aago tó mu ún, ni dókítà máa ń kọ́kọ́ béèrè, ìwé rẹ̀ sì lè dá a lóhùn.

Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń kà wọ́n. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí nílùú òyìnbó lè má mọ̀: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn ìyá àgbà tó ń mú ọmọ-ọmọ wọn wá kò fẹ́ gbọ́ ení, èjì, ẹ̀ta lórí ọmọ wọn. Àǹtí kò bá wọn jiyàn. Orúkọ ló fi ń kà. Ó ti to orúkọ àwọn ọmọ náà tẹ̀ léra, ètò rẹ̀ kì í yí padà, á sì máa pè wọ́n wúyẹ́wúyẹ́ bí ojú rẹ̀ ti ń bá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ kan bá jáde tí kò rí ojú tí yóò bá a mu, ìpè á dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti gbéra. Lójú tèmi, ó sàn ju nọ́ńbà lọ. Ẹni tó ka 11 mọ̀ pé ọ̀kan dín. Ẹni tó ń pe orúkọ mọ èyí tó dín, ó sì mọ ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń sá lọ.

Ẹnu ọ̀nà ló ti ń ṣe é jù. Kí wọ́n tó jáde lọ sí ọgbà, ó pè wọ́n. Bí wọ́n ti dé ọgbà, ó pè wọ́n. Nígbà tí bọ́ọ̀sì bá kó àwọn kan dé láàárọ̀, ó máa ń wọ inú rẹ̀ lọ dé àga ẹ̀yìn pátápátá, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àwọn àga kó tó jẹ́ kí dírẹ́bà lọ. Inú ọkọ̀ tí wọ́n pa gíláàsì rẹ̀ dé sínú oòrùn lè fi bíi 10 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10, ọmọ tó sì ti sùn lọ kò ní ké síta.

Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tó ojú rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ. Onìyáàlù tó mọṣẹ́ kì í wo ọwọ́ àwọn tó ń lu omele. Bí ọ̀kan bá jáde nínú ìlù, etí rẹ̀ ló ń sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá yẹn ṣe rí létí àǹtí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn, ó dìde. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí òun gbọ́ ni pé ọmọkùnrin kan tó ti ń fi síbí lu abọ́ ike lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti dáwọ́ dúró. Ọmọ náà ti rí hóró ẹ̀wà kan, ó ń gbìyànjú láti kì í bọ ihò imú. Àǹtí kò pariwo. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Fún àǹtí," ọmọ náà sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ká ní ó ti wọlé ni, kò ní fi ìka wá a, ó sọ fún mi, torí ìka ló ń tì í wọnú sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ibi tí kò ti dá ọmọ dúró. Nínú ọgbà, wọ́n ri táyà ọkọ̀ mélòó kan mọ́ iyanrìn dé ìdajì, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì sì ń gun èyí tó ga jù. Ọwọ́ tèmi ti fẹ́ nà. Àǹtí rìn sún mọ́ ọn, ó dúró sí ìwọ̀n ibi tí apá lè dé, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ọmọ náà, kò sì fọwọ́ kàn án. "Ẹsẹ̀ dà? Wá ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀." Ọmọ náà wá a tìtì, ó rí i, ó gùn ún dókè. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ó jókòó pẹ̀ẹ́ sórí iyanrìn, ó gbójú sókè wo àǹtí láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun ké. "Pẹ̀lẹ́. Dìde." Ó dìde, ó tún padà sídìí táyà.

Nínú orí obìnrin yìí, ewu méjì ló wà, kì í sì í pa wọ́n pọ̀: èyí tó ń bó ni lára àti èyí tó ń gba ẹ̀mí. Ó ń jẹ́ kí ọmọ pàdé ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, lójú òun. Ti èkejì, kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ bá a pàdé rárá: dúrọ́ọ̀mù, kẹrosíìnì, géètì, iná ìdáná. Mo ti rí ilé ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n ti ń to gbogbo ọmọ sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń sọ pé àwọn ń ṣọ́ wọn. Ìwọ̀nba ìgbà tí ojú wọn bá wà lára ọmọ, ọmọ yóò jókòó. Ọjọ́ tí ojú bá yẹ̀ fírí, ọmọ tí kò kọ́ bí a ti ń tẹ ẹsẹ̀ rí ló máa kọ́kọ́ dé orí àtẹ̀gùn. Inú ń bí mi sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rọrùn fún àgbà, ó sì ń fi orúkọ ààbò bo ara rẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè ni àǹtí ti ń wò ó. Ọmọ tó fẹ́ gé ẹlòmíràn jẹ kì í kéde rẹ̀. Èjìká rẹ̀ á kọ́kọ́ le, á tẹjú mọ́ apá ẹnì kejì, ẹnu á sì là. Kó tó dé ibẹ̀, ọwọ́ àǹtí ti wà láàárín wọn, ohun ìṣeré kejì sì ti dé. Ní Amẹ́ríkà, ètò Head Start tí ìjọba wọn ti ń ṣe láti 1965 fún ọmọ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ní ọ̀nà mẹ́fà tí wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọmọ: kí wọ́n tún àyíká ṣe, kí wọ́n yan ibi ìdúró, kí wọ́n máa wò yíká kí wọ́n sì máa kà, kí wọ́n fetí sílẹ̀, kí wọ́n ti mọ ohun tí ọmọ fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, kí wọ́n sì dá sí i nígbà tó bá yẹ. Mo sọ ọ́ fún àǹtí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kò pín in sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n bó bá ti bá òun níbi tí òun ti kẹ́yìn sọ́mọ, á gbá òun léjìká.

Lákòókò oúnjẹ, òfin kan ló wà: jíjókòó la fi ń jẹun. Kò sí ọmọ tí ń rìn kiri pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Ẹ̀pà kò sí, gúgúrú kò sí, bí àkókò àgbálùmọ̀ bá sì dé, kóró rẹ̀ kì í wọ yàrá. Ó ń fọ́ mọ́ínmọ́ín sí wẹ́wẹ́ láàárín ìka kó tó fún wọn, ó ń wá egungun ẹja tí ojú lè má rí. Kì í rọ ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ní ògì àti àgbo, imú dídì, ẹsẹ̀ híhá, a sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ké tí a ń da nǹkan sí lẹ́nu ń mí in sínú pẹ̀lú ẹkún rẹ̀, àwọn kan kò sì wà láàyè láti sọ tiwọn. Bí oúnjẹ bá há ọmọ lọ́fun tó ṣì ń wúkọ́, àǹtí á jẹ́ kó wúkọ́, torí ẹni tó ń wúkọ́ ṣì ń mí. Bí ikọ́ bá dá tí ohùn ò jáde mọ́, ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ń yára: á dojú ọmọ kọlẹ̀, á fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láyà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tó ti ju ọdún kan lọ, ikùn lókè ìdodo ni á ti fà á sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Á tún padà sí ẹ̀yìn. Ó ń fi bèbí oníke dán an wò lóòrèkóòrè kí ọwọ́ má bàa gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ́ kí n ronú jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin wà lára àwọn tí omi ń pa jù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sì lè kú sínú omi garawa, torí orí rẹ̀ wúwo, apá rẹ̀ kò sì tíì lágbára tó láti tì í padà sókè. Kì í ta omi sókè, kì í sì í pariwo. Ní àwọn abúlé Bangladesh, níbi tí adágún àti kòtò omi ti wà lẹ́yìn ilé gbogbo, owúrọ̀ tí ọwọ́ ìyá há sẹ́nu iṣẹ́ ni omi ń gbé ọmọ lọ jù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yan obìnrin kan nínú abúlé, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n fún un ní ẹnì kan tí yóò ràn án lọ́wọ́, ó sì ń gba àwọn ọmọ kékeré àdúgbò sí iyàrá kan láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Anchal ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí, ikú omi láàárín àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ ti dín kù ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Ní 2014, nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lórí ikú omi, wọ́n ka irú ibi ààbò bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí ìjọba lè ṣe. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Obìnrin kan tó mọ ibi tó yẹ kó dúró sí ni.

Ọ̀sán, wọ́n sùn. Àwọn tó kéré jù nínú wọn, ẹ̀yìn ni àǹtí ń tẹ́ wọn lé, orí ibùsùn tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí bèbí aláṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òun àti àwọn ìyá àgbà máa ń jiyàn lórí èyí, torí pé ikùn ni wọ́n fi ń tẹ́ àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n ní bí ọmọ bá pọ̀ wàrà lórí ẹ̀yìn á há a. Àǹtí á fi ìka rẹ̀ yà á fún wọn lára aṣọ ìléke: bí ọmọ bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀, wàrà tí ọmọ bá pọ̀ sì máa ń wá ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìyá nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní 1992, wọ́n ṣe ìpolongo rẹ̀ káàkiri ní 1994, ikú òjijì ojú oorun láàárín àwọn ìkókó wọn sì dín kù ju ìdajì lọ ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n bá sùn, àǹtí kì í sùn. Fóònù rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó ń lọ láti ibùsùn kan sí èkejì, ó ń wo àyà tó ń lọ sókè sódò, ó ń wo àwọ̀ ètè.

Mo béèrè bóyá gìrì ti mú ọmọ lójú rẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ bó ṣe ń ṣe é, kò pẹ́ lórí rẹ̀: ó tẹ́ ọmọ lé ẹ̀gbẹ́, ó tú aṣọ ọrùn, ó gbé àga kúrò nítòsí orí rẹ̀, ó wo aago. Kò sí síbí lẹ́nu, kò sí àlùbọ́sà lójú, kò sí ẹsẹ̀ nídìí iná, kò sì sí ìtọ̀ màlúù, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn níbí ti kọ̀wé tipẹ́ nípa ìjàǹbá tó ń ṣe fún ọmọ. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ti gbéra lọ sílé ìwòsàn; bí ó bá dáwọ́ dúró kó tó tó bẹ́ẹ̀, ọmọ náà á ṣì rí dókítà lọ́jọ́ yẹn kan náà. "Àwọn èèyàn máa ń pariwo yí ọmọ ká," ó ní. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń wo aago."

Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣòro mìíràn ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí àṣà wa kò jẹ́ kó rọrùn. Bàbá kan dé sí géètì, ó wọ agbádá, ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, òun wá mú un. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣé ẹ rí i bó ṣe le fún ọmọ Yorùbá tó mọ ìwà láti sọ fún àgbà pé rárá? Àǹtí kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ẹ má bínú, ẹ wá jókòó, ẹ jẹ́ ká pe Mọ́mì." Ọmọ ṣì wà nínú ilé. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ló pè, kì í ṣe èyí tí bàbá náà fẹ́ pè fún un. Bàbá bínú, ó béèrè bóyá ó jọ gbọ́mọgbọ́mọ lójú wọn. "Rárá o, bàbá mi. Bí ẹlòmíràn bá wá mú ọmọ tiyín, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe." Ìyá gbé fóònù, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni lóòótọ́. Wọ́n kọ orúkọ bàbá sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó mú ọmọ lọ. Bí ó ti bú u tó, àǹtí ò gbé ohùn sókè, kò sì yí ohun tó sọ padà.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sọ pé òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ mẹ́ta lọ lọ́wọ́ bí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Fún àwọn ọlọ́dún méjì, mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, wọ́n wá sọ ọ́ di márùn-ún ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2004 fi ọmọ 25 sọ́wọ́ olùkọ́ kan ní kíláàsì tó ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn wọ̀nyẹn dàgbà díẹ̀ ju àwọn ọmọ yàrá yìí lọ. Síbẹ̀, mo wo àǹtí àti ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú ọmọ 12, mo wo bí ara ṣe ń ro wọ́n nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mo sì rò ó pé ibì kan wà tí ojú kì í ká mọ́, bó ti wù kí ènìyàn mọṣẹ́ tó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé àdáni, àǹtí àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń san owó tó kéré jù fún, bí ẹni pé bí ọmọ bá ti kéré tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń rọrùn tó. Òdìkejì rẹ̀ ni mo rí.

Bí àǹtí bá fẹ́ kúrò ní yàrá, ì báà jẹ́ láti lọ tọ̀, kì í kàn lọ. Á sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Wọ́n wà lọ́wọ́ ẹ o," kì í sì í gbé ẹsẹ̀ títí tí ọmọbìnrin náà á fi dáhùn pé, "Wọ́n wà lọ́wọ́ mi, mà." Nígbà tó bá padà, wọ́n á tún un sọ ní ìyípadà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ọmọ wà, ó ní, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń sọnù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ọmọ tó kẹ́yìn ti lọ, ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìfarapa sí, ó kà á láti ọjọ́ Ajé wá. Kì í wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ibi àti àkókò ló ń wò. Mẹ́ta nínú àwọn tó ṣubú lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnu ọ̀nà ọgbà ni, gbogbo wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó dìde, ó lọ dúró níbẹ̀, ó wo ilẹ̀. Omi tí àwọn ọmọ fi ń fọ ọwọ́ ló ń ṣàn láti ìdí ike omi wá sí ojú ọ̀nà. Òun àti ọmọbìnrin náà gbé ike omi lọ sí apá kejì, wọ́n tẹ́ ìnusẹ̀ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọjọ́ àti ohun tí wọ́n ṣe sí ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ ìdí tí ike omi fi wà níbẹ̀.